Omi tó ń pààrọ̀ ara rẹ̀ nínú yàrá ẹja: dírípù tàbí táímà?

Ìbéèrè láti Kábà:

Ẹ̀gbọ́n, mo ti to táǹkì mẹ́jọ sínú yàrá kan lẹ́yìn ilé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba omi lítà 120. Ọmọ ẹja àrọ̀ wà nínú mẹ́fà tó jẹ́ ike, ẹja ọ̀ṣọ́ wà nínú méjì tó jẹ́ gíláàsì. Garawa ni mo fi ń gbé omi wọlé, òun náà ni mo fi ń gbé e jáde, ó ti sú mi. Mo ní táǹkì lítà 1,000 lórí sítáǹdì onírin tó ga ní mítà 3, bọhóòlù ló ń kún un. Àwọn kan ní kí n ra táímà àti fáfù oníná, kí omi máa pààrọ̀ fúnra rẹ̀ láago mẹ́fà àárọ̀. Àwọn kan ní dírípù ló dára, kí omi máa kán wọlé díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán-tòru, kí ti àtijọ́ máa ṣàn jáde. Iná wa níbí kò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Èwo ni kí n ṣe?

* * *

Dírípù ni, àbúrò. Ṣùgbọ́n má tíì ra ohunkóhun tó máa gbé omi wọlé. Ibi tí omi máa gbà jáde ni iṣẹ́ wà. Àwọn tí omi ń ya bo ilé wọn mọ́jú, ọ̀nà àbáwọlé ni wọ́n kọ́kọ́ náwó lé, họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n wá fi ṣe ọ̀nà àbájáde. Ọ̀nà àbájáde gbọ́dọ̀ lè gbé omi tó ju èyí tó ń wọlé lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, kò sì gbọdọ̀ nílò iná, pọ́ǹpù, tàbí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Kí omi kàn ga dé ẹnu páìpù, kó dà sínú rẹ̀, kó máa lọ.

Lu ihò sí ìdí táǹkì, kó o fi bákínọ́ọ̀tì íńṣì kan (ohun tí àwọn púlọ́mbà fi ń so páìpù mọ́ ara táǹkì) dè é. Inú táǹkì ni wásà rọ́bà máa wà, lábẹ́ orí bákínọ́ọ̀tì. Má fi gọ́ọ̀mù sí i. Gọ́ọ̀mù ló ń mú kí wásà yọ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Fọwọ́ dè é kó le, kó o wá fi sípánà yí i ní ìdá mẹ́rin àyíká sí i, ó ti tó. Tó o bá fagbára fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ, ike á sán.

Ti páìpù íńṣì kan bọ inú bákínọ́ọ̀tì yẹn láti òkè, kó dúró ṣánṣán, kí orí rẹ̀ wà níbi tó o fẹ́ kí omi ga mọ. Má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, torí wàá máa yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, mú páìpù íńṣì mẹ́ta, gé e kó fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ga ju ojú omi lọ, fi ayùn gé eyín sí ìdí rẹ̀, kó o fi bo páìpù kékeré náà. Omi ò ní rí ibòmíì gbà wọlé àfi láàárín àwọn eyín ìsàlẹ̀ yẹn, èyí ni pé omi ìdí táǹkì ló ń jáde, kì í ṣe omi òkè tó mọ́.

Ọmọ ẹja tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì lè gba àárín eyín yẹn kọjá. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì ni kó o wé mọ́ ìdí páìpù ńlá náà fún wọn. Tí wọ́n bá ti dàgbà, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ti tó. Jẹ́ kí aṣọ náà fẹ̀ dáadáa. Èyí tó bá kéré máa ń tètè dí, bó bá sì ti dí, omi á gba etí táǹkì dà sílẹ̀, ọmọ ẹja á sì bá a lọ.

Ní ti táǹkì gíláàsì méjèèjì, bí o kò bá mọ irú gíláàsì tí wọ́n fi ṣe ìdí wọn, má lù wọ́n. Gíláàsì tí wọ́n ti fi iná mú le máa ń fọ́ yángá lójijì bí irin bá kàn án. Má sì ṣe páìpù alátẹ̀pọ̀ tó ń fa omi gba orí etí táǹkì. Afẹ́fẹ́ á máa kó jọ sí òkè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dẹ́kun fífà, ẹni tó wà nílé ò sì ní mọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi tutù. Àwọn méjèèjì yẹn, máa fi garawa ṣe wọ́n títí wàá fi rí ẹni tó mọ gíláàsì.

* * *

Ẹnìkan ti ń bi mí bóyá páìpù ńlá tó bo kékeré yẹn á kó ìgbẹ́ ẹja jáde. Ọ̀pọ̀ ló gbà bẹ́ẹ̀. Nínú odò ẹja tí omi ti ń sáré wọlé, òótọ́ ni. Nínú dírípù, rárá. Mílílítà 30 ní ìṣẹ́jú kan ni omi tìrẹ (mo máa ṣàlàyé iye yẹn), àlàfo tó wà láàárín páìpù méjèèjì sì fẹ̀ débi pé omi ò ní gòkè tó sẹ̀ǹtímítà kan ní ìṣẹ́jú kan. Ìgbẹ́ wúwo ju kí irú omi bẹ́ẹ̀ gbé e lọ. Amóníà, májèlé tó ń ti ara ẹja àti oúnjẹ wá, tó ti yòrò sínú omi, ló máa jáde, ìgbẹ́ á jókòó sídìí páìpù.

Ohun tó ń kó ìgbẹ́ ni kó o máa fa páìpù kékeré yọ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kó o kà dé mẹ́wàá, kó o tì í padà. Páìpù ńlá ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀, òun ló ń dá ẹja dúró. Wàá rí i tí omi dúdú á kọ́kọ́ ya jáde, kó tó máa mọ́. Omi tó bá lọ ò ní ju lítà mẹ́fà sí mẹ́jọ, dírípù á sì dí i padà láàárín wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún. Táǹkì kan lẹ́yìn èkejì ni kó o ṣe é, torí pé páìpù íńṣì méjì tó o máa so gbogbo wọn mọ́ ò lè gba omi táǹkì mẹ́fà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Jẹ́ kí páìpù íńṣì méjì yẹn máa fi sẹ̀ǹtímítà méjì rẹ̀lẹ̀ ní gbogbo mítà kan tó bá rìn. Ẹnu páìpù táǹkì kọ̀ọ̀kan ò sì gbọdọ̀ rì sínú omi ìdọ̀tí ibi tó ń dà sí. Kí afẹ́fẹ́ wà láàárín wọn, kí àrùn táǹkì kan má bàa fa padà sínú òmíràn.

* * *

Ìṣirò wá kàn, torí "omi díẹ̀díẹ̀" kì í ṣe iye.

Táǹkì mẹ́jọ lọ́nà lítà 120 jẹ́ lítà 960. Mo fi gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ṣe é, kí táǹkì gíláàsì lè wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ iwájú. Ká ní o fẹ́ pààrọ̀ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lójúmọ́. Bí o bá fi garawa ṣe é lẹ́ẹ̀kan, lítà 288 ni. Bó bá jẹ́ dírípù, díẹ̀ nínú omi tuntun á máa bá ti àtijọ́ jáde, o máa nílò lítà bíi 342. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 43 fún táǹkì kan, tàbí mílílítà 30 ní ìṣẹ́jú kan.

Má fojú díwọ̀n rẹ̀. Gbé ike omi 75cl sábẹ́ ẹnu dírípù, kó o wo aago. Ó gbọ́dọ̀ kún ní ìṣẹ́jú 25. Bó bá kún ní 15, omi rẹ ti ń pọ̀ jù. Bó bá di 40, nǹkan ti ń dí i.

Ó wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn pé bí omi tó wọlé bá ti dọ́gba pẹ̀lú omi tó wà nínú táǹkì, gbogbo rẹ̀ ti di tuntun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdá 63 péré ló máa kúrò. Ẹni tó bá ń fi dírípù gbé ìdá 10 wọlé lójúmọ́ fún ọjọ́ méje, ìdá 50 ló pààrọ̀, kì í ṣe 70.

* * *

Ará Ìsánlú kan kọ̀wé pé: "Ìwọ fúnra rẹ ti sọ ọ́, lítà 342 sí 288. Dírípù ń fi omi ṣòfò. Táímà ló dára, omi á jáde tán kí tuntun tó wọlé."

Lítà 54 lójúmọ́ ni ìyàtọ̀ yẹn, garawa méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. N kò ní jiyàn pé kì í ṣe nǹkan, pàápàá nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka ohun tó lè bàjẹ́ lára táímà.

Táímà onídíìsì tó ń yí kiri, tí iná bá lọ, aago inú rẹ̀ á dúró. Iná lọ fún wákàtí márùn-ún, aago mẹ́fà àárọ̀ rẹ á di mọ́kànlá. Lọ́sẹ̀ kan, o ò ní mọ ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ mọ́. Bí o bá máa rà á rárá, ra èyí tó ní bátìrì kékeré nínú tó ń pa aago mọ́.

Fáfù oníná tí wọ́n ń yọ lára ẹ̀rọ ìfọṣọ ńkọ́? Agbára omi ló ń ràn án lọ́wọ́ láti ṣí àti láti pa dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì nílò ó kéré tán 0.2 bar. Mítà 10 omi ló ń fúnni ní bar kan. Táǹkì rẹ wà ní mítà 3, ṣùgbọ́n ẹja rẹ wà lórí bẹ́ǹṣì, ohun tó kù fún ọ ò ju 0.2 bar lọ nígbà tí táǹkì bá ti ń lọ sílẹ̀. Fáfù yẹn lè ṣí, kó má pa dé tán. Èyí ló burú jù, torí ohùn rẹ̀ á dún bíi pé ó ti pa. Ẹni tó bá fẹ́ lo fáfù oníná lórí táǹkì sítáǹdì, kó béèrè èyí tí kò nílò agbára omi rárá, oní 12 volt, kó lè wà lórí bátìrì sólà.

Pọ́ǹpù tó ń fa omi jáde náà ní tirẹ̀. Bí ẹnu họ́ọ̀sì rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ ju ojú omi táǹkì lọ, pọ́ǹpù á dúró, omi ò ní dúró. Yóò máa fà á lọ títí ẹja á fi wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ihò kékeré kan tó tó mílímítà 4, tí wọ́n lù sára páìpù náà lókè ojú omi, ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé já a. Àwọn tí kò mọ̀ máa ń fi tépù lẹ ihò yẹn pa torí pé ó ń tu omi.

Ọ̀rọ̀ ooru àti òtútù tún wà ńbẹ̀. Nínú ọyẹ́, omi táǹkì ìta lè já sí 20°C láàárọ̀ kùtù. Bí táímà bá da ìdá 30 irú omi bẹ́ẹ̀ sí táǹkì tó wà ní 28°C, ooru rẹ̀ á já wá sí 25.6°C láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọmọ àrọ̀ á sì kọ oúnjẹ lọ́jọ́ náà. Dírípù ń fi ìdá kan ààbọ̀ wọlé ní wákàtí kan, yàrá á ti mú un lọ́wọ́ kó tó kàn wọ́n. Ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, òdìkejì rẹ̀ ni: omi tó sùn sínú páìpù orí òrùlé lọ́sàn-án máa ń gbóná gan-an. Ri páìpù yẹn mọ́lẹ̀.

* * *

Báyìí, ohun tó máa kán omi. Ìjà pọ̀ níbí.

Àwọn kan ń lo dírípù ilé ìwòsàn. Ó dára fún ọpọ́n ìpamọ ẹja kékeré, torí ó ṣeé kà: èyí tó wọ́pọ̀, ẹ̀kán 20 ni mílílítà kan, nítorí náà ẹ̀kán 60 ní ìṣẹ́jú kan á fún ọ ní lítà 4.3 lójúmọ́. Fún mílílítà 30, ẹ̀kán 600 ni, kò ṣeé kà mọ́. Rọ́bà rẹ̀ tún máa ń rọ̀ lábẹ́ kẹ̀kẹ́ kékeré tí wọ́n fi ń fún un, ohun tó o fi sí i lánàá kọ́ lo máa bá lónìí. Ó sì mọ́ gaara, ìmọ́lẹ̀ ń wọ inú rẹ̀, ewédò á hù síbẹ̀.

Èmi fara mọ́ ẹnu dírípù tí àwọn olóko fi ń bomi rin ọ̀gbìn, lórí páìpù dúdú. Ra oní lítà 4 ní wákàtí kan, irú èyí tó rọrùn, tó ṣeé ṣí fọ̀. Irú kan wà tí wọ́n ṣe kí iye omi rẹ̀ má yí padà bí agbára omi bá yí padà. Ó nílò tó 0.5 sí 1 bar, má rà á fún táǹkì orí sítáǹdì. Oní lítà 4 tó rọrùn yẹn, bar kan ni wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀. Ní mítà 2, lítà 1.8 ní wákàtí kan ló máa fún ọ, èyí sì ni mílílítà 30 tá a ń wá.

Ṣùgbọ́n bí omi táǹkì ńlá bá ń lọ sílẹ̀, dírípù á máa fà sẹ́yìn. Láti mítà 3 sí 2, ó ń dín tó ìdá 18. Ojútùú rẹ̀ kò gbówó lórí: gbé garawa lítà 20 kọ́ ara ògiri, bíi mítà 2 sókè ẹnu dírípù, fi bọ́ọ̀lù táǹkì (èyí tó ń pa omi dé fúnra rẹ̀ bó bá kún) sínú rẹ̀, kí táǹkì ńlá máa bọ́ garawa, kí garawa máa bọ́ dírípù. Omi inú garawa ò ní yí ipò padà. Bí ike 75cl bá kún kíákíá jù, sọ garawa kalẹ̀ díẹ̀. Bó bá pẹ́ jù, gbé e sókè. Gbogbo táǹkì á yí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, o ò ní máa yí táàpù mẹ́jọ.

Fi asẹ́ sí ẹnu páìpù kó tó dé garawa, torí iyanrìn àti ìpẹtà bọhóòlù. Kí ẹnu dírípù má rì sínú omi ẹja. Bó bá rì, lọ́jọ́ tí garawa bá gbẹ, omi ẹja á fà padà sínú páìpù. Lóṣooṣù, yọ wọn, kó o rẹ wọ́n sínú fíníígà mọ́jú.

* * *

Ẹnìkan láti Mọ́pà béèrè pé, níwọ̀n ìgbà tí omi ti ń pààrọ̀ fúnra rẹ̀, ṣé a lè wá máa bọ́ ẹja sí i?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Gíráàmù 100 oúnjẹ tó ní ìdá 45 purotéènì máa ń di nǹkan bíi gíráàmù 4 amóníà nínú omi. Pín in sínú lítà 342 tó ń jáde lójúmọ́: mílígíráàmù 12 nínú lítà kan ni omi rẹ máa dúró sí. Kó tó lè wá sí 2, lítà 2,000 ni o máa dà lójúmọ́, táǹkì sítáǹdì méjì gbáko. Ìyẹn fún gíráàmù 100 péré, fún gbogbo yàrá.

Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún ẹni tó bá ń ta dírípù bíi pé òògùn ni pé kó rọra. Fóòmù tí afẹ́fẹ́ ń fa omi gbà inú rẹ̀, tí kòkòrò rere ti gbé inú rẹ̀ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ló ń jẹ amóníà. Dírípù ń gbé ohun tí fóòmù fi sílẹ̀ lọ. Omi ẹja ni kó o máa fi fọ fóòmù, má fi omi oníkílórínì pa kòkòrò inú rẹ̀. Ọmọ àrọ̀ sì nílò afẹ́fẹ́ yẹn fún ara wọn pẹ̀lú: ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí wọ́n tó lè gòkè wá mí, ṣáájú ìgbà yẹn inú omi ni gbogbo èémí wọn wà.

* * *

Omi bọhóòlù. "Ó mọ́, ó tutù, da á sí i." Mo ń gbọ́ ọ káàkiri, láti Ìyàrá dé Ẹ̀gbẹ̀.

Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú àpáta lè má ní afẹ́fẹ́ tó, ó sì lè gbé kábọ́ọ̀nù dàóksáìdì tó pọ̀ wá. Bí irin bá wà nínú rẹ̀, á mọ́ gaara nígbà tó jáde, tó bá pẹ́ á pọ́n, ìpọ́n yẹn á sì lẹ̀ mọ́ ìjàgbọ̀n tí ẹja fi ń mí àti ẹyin. Jẹ́ kó já láti òkè sínú táǹkì sítáǹdì bí òjò, nípasẹ̀ páìpù tó o lu ihò sí lára, kó sùn mọ́jú, kó o sì máa fa omi láti sẹ̀ǹtímítà 15 sókè ìdí táǹkì, kí ìpẹtà wà nísàlẹ̀.

Bí bọhóòlù bá gbẹ tó o sì ra omi tánkà, béèrè bóyá wọ́n fi kílórínì sí i, kó o sì dán an wò. Sódíọ́mù tàíósọ́fétì bíi gíráàmù 7 ló ń pa mílígíráàmù kan kílórínì nínú lítà kọ̀ọ̀kan omi lítà 1,000. Inú táǹkì ńlá ni kó o ti yọ́ ọ, kó tó kan dírípù.

Èyí tó ń pa ẹja jù: dírípù dí tàbí omi tán, ó di ọjọ́ márùn-ún, amóníà ti kó jọ, pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó; bó bá lọ sílẹ̀, omi ti kan sí i) ti lọ sílẹ̀. Olówó ẹja wọlé, àyà rẹ̀ já, ó da ìdajì omi tuntun sí i. pH gòkè lójijì. Ní 28°C, tí pH bá jẹ́ 7, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún amóníà yẹn tó jẹ́ májèlé. Tí pH bá di 8, ó di ìdá 6 sí 7. Omi tó dà láti gbà wọ́n là ló pa wọ́n. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, dá oúnjẹ dúró, fi afẹ́fẹ́ sí i, kó o dá dírípù padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kó máa fà á lọ fúnra rẹ̀.

* * *

Lítà 342 tó ń jáde yẹn, má dà á sínú sókàwéè ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó lè tètè kún. Darí rẹ̀ sí ebè tẹ̀tẹ̀ àti ewédú lẹ́yìn ilé, tàbí sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí kò sí ewéko tútù lágbègbè wa, ọgbà tí omi ẹja ń gbà kọjá máa ń ṣe dáadáa. Fún ará Ìsánlú tó ń dárò lítà 54, ibẹ̀ ló ń lọ.

Bí omi bá wá wọ́n gan-an ní oṣù kejì, oúnjẹ ni kó o kọ́kọ́ dín kù. Dín in sí ìdajì, kó o tó fọwọ́ kan dírípù.

* * *

Ìbéèrè láti Kábà, lẹ́ẹ̀kejì: Ẹ̀gbọ́n, ó yé mi. Tí mo bá ṣe é tán, ṣé mo lè lọ sí Lọ́kọ́já fún ọ̀sẹ̀ kan?

Ọjọ́ méjì. Lítà 1,000 ò ní pé ọjọ́ mẹ́ta bí gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá ti wà lórí dírípù, aṣọ ìdí páìpù sì gbọ́dọ̀ rí ọwọ́ kó tó dí. Kó o tó lọ rárá, ṣí omi tó ń wọ gbogbo táǹkì sílẹ̀ gbayau fún wákàtí kan nígbà tí kò sí ẹja nínú wọn, kó o wò bóyá páìpù àbájáde lè gbà á. Lẹ́yìn náà, fi ọ̀rá dí aṣọ táǹkì kan, kó o wo ibi tí omi máa gbà. Bó bá dà sílẹ̀, lu ihò kejì sí ẹ̀gbẹ́ táǹkì, sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sókè ojú omi, fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, kó o so ó mọ́ páìpù íńṣì méjì yẹn. Ẹni tó bá máa dúró dè ọ́, kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fa páìpù kékeré yọ, kó o sì fi oúnjẹ ẹja pamọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ àfi èyí tó o ti wọ̀n sínú ọ̀rá fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.